Máàkì Mẹ́ta Péré

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Tíṣà ní ká máa kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí wa lójoojúmọ́. Ó ní òun ò ní kà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà wa, èmi ni mo kọ́kọ́ parí ìwé kejì. Mi ò fọ́nnu o, bó ṣe rí nìyẹn.

Ọmọ mi obìnrin máa padà sẹ́nu iṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ — Ìjòyè ni mo ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń jókòó. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ìbéèrè wo nìyẹn? Yàrá mi ò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí ibùsùn rẹ̀. Ìka tó tọ́ símú la fi ń ro imú. Mi ò sọ nǹkan kan. Àwọn ni kí wọ́n wá bẹ̀ mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Wọn ò tíì bẹ̀ mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Onírúlà — ọkọ ọmọ mi nìyẹn, àwòrán ilé ló ń yà, kò sóhun tí kì í wọ̀n — ní kí n bá wọn ká lọ wo ibì kan lọ́la. Ó ní, "Màmá, ojú àgbà la nílò." Orí mi wú. Àṣé jẹ́lé-ó-sinmi ni ibì kan ọ̀hún. Ilé wo ló sọ fún wọn pé ó ti rẹ òun?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ọmọ méjìdínlógún, obìnrin méjì. Ilẹ̀ mọ́, mi ò ní purọ́. Onírúlà ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀: ilẹ̀kùn mélòó, ta ló ń ti géètì, bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́. Èmi bi ìyá tó ni ibẹ̀ pé, nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, èwo ni kò sùn dáadáa lánàá? Ó wò mí bí ẹni tí mo bi ní iye ìràwọ̀.

Ọmọbìnrin kan dúró ti ògiri, ikun ń ṣàn nímú rẹ̀. Mo fi etí aṣọ mi nù ún. Ìyá yẹn ní, "Ẹ ṣé o, Mà. Àmọ́ bébà la fi ń nù wọ́n níbí, a kì í fi aṣọ ara wa nù wọ́n." Èmi! Èmi tí mo tọ́ ọmọ márùn-ún!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Ibì kejì. Obìnrin kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọmọ mẹ́rin nínú pálọ̀ rẹ̀. Mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Kò tijú. Ọdún mẹ́ta ló fi jù mí lọ! Eékún rẹ̀ ń dún bó bá ń dìde. Bá a ṣe ń bọ̀ nílé mo ní, "Ṣé arúgbó lẹ wá ń wá ni? Ẹ ò bá ti sọ." Onírúlà rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Mo kọ òwe sórí pátákó ní kíláàsì: Adìẹ funfun ò mọ ara rẹ̀ lágbà. Tíṣà ní ó dáa. Àwọn tí mò ń bá wí kò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Wọ́n jáde. Bébà Onírúlà wà lórí tábìlì, gbalaja. Gbogbo ayé ọmọ mi ni bébà ti ń dùbúlẹ̀ níwájú mi láìbẹ̀rù. Òun ló máa ń ka lẹ́tà fún mi láti kékeré, òun ló ń kọ èsì. Òun náà ló ra ìwé tí mò ń kọ yìí. Síbẹ̀ ó gbàgbé pé mo ti ń kàwé.

Mo fi ìka tọ̀ ọ́.

Jẹ́lé-ó-sinmi — mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.
Ìyá orí òkè — mẹ́fà.
Màmá — mẹ́ta.

Mo rò pé mi ò kà á re. Mo tún un kà. Mẹ́ta ni. Mo wà nínú ìdíje, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọmọ mi — mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ohùn rẹ̀: "Ó fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ṣùgbọ́n kì í gbà pé òun ṣàṣìṣe. Omi gbígbóná."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo lọ kíláàsì. Mo bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ó dáa, jẹ́ kí n kọ ọ́, kò kúkú sẹ́ni tó máa kà á.

Oṣù kìíní ni. Mo ń wẹ Ìjòyè. Mo tọwọ́ bọ omi, ọwọ́ mi ní ó dáa — ọwọ́ tó fi ọdún mẹ́tàlélógún fọṣọ nínú omi gbígbóná nílé ìfọṣọ, kí ló tún mọ̀? Ọmọ figbe ta. Itan rẹ̀ pọ́n, awọ rẹ̀ bó. Ìyá rẹ̀ sáré dé. Mo ní nǹkan ló yọ sí i lára, pé ooru ni. Ó ní, "Màmá, omi yìí ti gbóná jù." Mo ní ṣé òun ló máa kọ́ mi lọ́mọ wíwẹ̀? Ta ló wẹ òun? Láti ọjọ́ náà, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Mo ń sọ fáwọn aládùúgbò pé ó ń fún mi nísinmi ni.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà o. Ọwọ́ àgbà gan-an lorí ọmọ ti wọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti mú jẹ́lé-ó-sinmi. Lọ́jọ́ Ajé ni Ìjòyè máa bẹ̀rẹ̀. Wọn ò dárúkọ máàkì fún mi, èmi náà ò sọ pé mo rí i.

Lọ́sàn-án, ọmọ mi gbé fọ́ọ̀mù wọn síwájú mi. "Màmá, ọwọ́ mi dí. Ẹ bá mi kọ èyí tó kù." Orúkọ ti wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí, dókítà. Ibì kan ṣoṣo ló ṣófo: Ǹjẹ́ ọmọ yìí ti fara pa rí? Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?

Mo wò ó. Kò wò mí. Ó ń de bọ́tìnnì Ìjòyè — bọ́tìnnì kan náà, ó ń tú u, ó tún ń dè é.

Gbogbo ayé mi, àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ fọ́ọ̀mù. "Rárá" ò ṣòro kọ, ó wà nínú ìwé kìíní. Mo mú bírò. Ó pẹ́ kí n tó kọ ọ́ tán:

"Bẹ́ẹ̀ ni. Omi ló bó o nítan nígbà tí ìyá ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́. Omi náà gbóná jù."

Ó gbà á. Ó kà á. Ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra tì í padà síwájú mi.

"Ẹ ò tíì fọwọ́ sí i, Màmá."

Mo fọwọ́ sí i.