Ohùn Mẹ́ta Tí Ẹ Máa Ń Kùn

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ní kẹ́ ẹ dákẹ́,

Mo ní láti kọ èyí sí yín lónìí. Tí mo bá ṣì í kọ, ẹ má bínú, ẹ sáà mọ ibi tí mo kàwé dé.

Ẹ rántí nǹkan tí ẹ máa ń kùn nímú tí ẹ bá ń rán ẹnu àpò àlùbọ́sà ní ọjà Kara? Ohùn mẹ́ta péré. Á ròkè, á wálẹ̀, á dúró láàárín, ẹ ó dákẹ́ díẹ̀, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń bí mi nínú. Ọjọ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, mo fi yín rẹ́rìn-ín, mo ní kẹ́ ẹ yé dà wá láàmú. Ẹ kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ ò kùn ún mọ́ títí ẹ fi kú. Kí ló dé tí ẹ ò bá mi wí?

Lẹ́yìn ikú yín, mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ni Màmá bá mú mi lọ bá tíṣà àgbà kan ní àdúgbò Kofar Kware tó ń kọ́ èèyàn ní gìtá. Akẹ́kọ̀ọ́ á máa ta apá tó rọrùn, Tíṣà á máa ta èyí tó le, méjèèjì á wá di orin kan. Mo rò pé ó kàn ń fi mí ṣeré ni.

Lónìí ó ṣí ojú ìwé tuntun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Bàbá, wallahi, mo dá ohùn náà mọ̀. Tiyín ni! Ó ròkè, ó wálẹ̀, ó dúró láàárín. Ibi tí ẹ ti máa ń dákẹ́ yẹn gan-an ni Tíṣà ti fi gìtá tiẹ̀ dáhùn. Orin ni! Orin gidi! Mo bú sẹ́kún.

Tíṣà ní, “Haba! Ìwọ náà? Orí àga yìí kan náà ni bàbá ẹ ti sunkún nígbà tó ń kọ́ orin yìí.”

Ìgbà wo lẹ kọ́ ọ? Mo bi Màmá. Ó ní ẹ fi í pa mọ́ ni, ẹ̀ ń sá fún ẹ̀rín àwọn èèyàn ọjà. Ẹ̀rín wá tẹnu èmi ọmọ yín jáde.

Mo ti bẹ Tíṣà kó kọ́ mi ní apá tiẹ̀. Ó ní ó máa pẹ́. Kó pẹ́. Tí mo bá mọ̀ ọ́n, màá máa ta á nílé, mi ò ní fọwọ́ kan apá tiyín. Màá fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ẹ máa kùn ún, ẹ jọ̀ọ́. Kí Ọlọ́hun kẹ́ yín.

Ọmọbìnrin yín, tó ń tẹ́tí