Bí Mo Ṣe Gbọ́rọ̀ Lẹ́nu Awakọ̀ Ojú Irin

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín kú iṣẹ́, mo kí yín kú ọmọ. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ti fúyẹ́, àti pé àwọn ọmọ mi tí mo fi sọ́dọ̀ yín kò tíì da ilé rú mọ́ yín lójú. Ara tèmi náà dá, ọpẹ́ ni.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo fi ẹkún pè yín pé mo fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ẹ ní, "Bá a bá ń sunkún, à á máa ríran. Sunkún tán, kó o padà síbẹ̀." Ẹ jẹ́ kí n wá ròyìn ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ìwádìí tí wọ́n ń kọ́ wa yìí kì í ṣe ti ìṣirò. Ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn là ń wá, ohun tójú wọn rí àti bó ṣe rí lára wọn. Èmi nọ́ọ̀sì tó ti ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, mo ní kí ló le níbẹ̀! Wọ́n rán mi sí bàbá kan, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀ tó ti ń gbàgbé nǹkan. Mo ní, "Ṣé ìtọ́jú yìí ń rẹ̀ yín?" Wọ́n ní, "Rárá." "Ṣé àwọn ọmọ ń ràn yín lọ́wọ́?" "Bẹ́ẹ̀ ni." Ọ̀rọ̀ bá tán. Nígbà tí olùkọ́ wa gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín: "Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo bèèrè, ìwọ náà lo tún dáhùn. La ọ̀nà fún wọn, kó o sì panu mọ́." Ọjọ́ yẹn ni mo pè yín.

Mo padà lọ. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí àárọ̀ ṣe máa ń rí nínú ilé yìí fún mi." Wọ́n dákẹ́. Ẹnu ń yún mi, ṣùgbọ́n mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ itan, mo bá wọn dákẹ́. Wọ́n ń wo ìyàwó wọn tó ń ká aṣọ ìnura kan, tó ń tú u, tó tún ń ká a. Ni wọ́n bá ní, "Orúkọ àbúrò rẹ̀ ló fi ń pè mí. Mo sì máa ń dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n lánàá, mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ọkọ rẹ̀ ti kú." Omi bọ́ lójú wọn.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, bá mi yọ ibi tí mo ti jágbe yẹn kúrò." Ẹ̀gbọ́n mi, ibẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀mí iṣẹ́ mi! Ṣùgbọ́n kí n tó tan ẹ̀rọ ni mo ti ṣèlérí pé àwọn ló ni ọ̀rọ̀ wọn, pé wọ́n lè gbà á padà. Mo yọ ọ́.

Mo lọ ka ìyókù sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ dópin, wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọkùnrin inú ìwé yìí ti dára jù. Dá a padà síbẹ̀, ṣáà má dárúkọ mi. Bóyá ẹlòmíràn tó jágbe bíi tèmi á mọ̀ pé òun nìkan kọ́." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n bẹ ọmọbìnrin wọn pé kó máa wá jókòó ti ìyá rẹ̀, kí àwọn lè rí oorun sùn. Wọn ò bẹ̀ ẹ́ rí.

Mo yege, ẹ̀gbọ́n mi. Ká ní ẹ ò gba àwọn ọmọ mọ́ra, ká ní ẹ bá mi káàánú ara mi lọ́jọ́ yẹn, n bá má kan ilẹ̀kùn bàbá yẹn mọ́. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, mi ò mọ ọpẹ́ tí mo lè dú. Ojú tẹ́ ẹ fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kò ní di bàìbàì. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ń tọ́, tiyín tèmi, ni yóò tọ́jú yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ lé padà sẹ́nu ẹ̀kọ́,
Nọ́ọ̀sì

Àfikún: Ìyá onílé mi ti gbọ́ pé gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ni mò ń kọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà mi, tí wọ́n ń ròyìn orúnkún wọn. Mi ò tíì bi wọ́n ní nǹkan kan o!