Orin Tó Ń Lọ Láìdún

Bàbá mi ọ̀wọ́n tí mo ń bá bínú,

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni yóò pé ọdún kan tí ẹ fi wá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tútù ló yẹ kí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ irú lẹ́tà báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tútù kankan lẹ́nu mi. Inú ń bí mi. Ó ń bí mi sí yín, ó ń bí mi sí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi yìí, ó sì ń bí mi sí ẹnì kẹta tí màá dárúkọ kí n tó kọ ọ́ tán.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo ti wà nínú pálọ̀ yín ní Odò-Orò níbí. Mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo gun ọ̀kadà láti Ìkọ̀lé, mo sì fọwọ́ sọ̀yà fún Màmá pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni màá fi mú kí orin yín dún. Ẹ kúkú mọ ẹnu mi. Èmi tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe fún odindi yunifásítì, kí ni ti orin lásán?

Màmá ló ránṣẹ́ pè mí. Tẹ́lẹ̀, bó bá ń sá kòkó sóòrùn, ó máa ń gbọ́ ohùn yín nínú ọkàn ara rẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń pe dò-mì-sọ̀ fún àwọn akọrin kí orin tó bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́ ọ mọ́.

"Ọmọ mi, mo mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, mi ò rántí bó ṣe ń dún mọ́. Wá bá mi ṣí ẹ̀rọ yẹn. Mi ò fẹ́ kí ohùn rẹ̀ parẹ́ nínú ulé yìí."

Mo dá a lóhùn pé kó fọkàn balẹ̀. N kò sọ fún un pé èmi náà ti gbìyànjú láti gbọ́ yín nínú ọkàn mi, tí ohùn yín kò wá.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo gbé kọ̀ǹpútà àlòkù yìí wá? Ó ti gbó, kò lè gbé nǹkan wúwo, ni mo bá fi Linux, ètò kọ̀ǹpútà tó fúyẹ́, sí i. Ẹ̀rọ orin tí mo yàn fún yín kò ní àwòrán kankan. Ojú dúdú ni, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ni, bọ́tìnì nìkan la fi ń darí rẹ̀. Nítorí ọwọ́ yín tó ń gbọ̀n ni mo ṣe yàn án, torí màúsì ń sá mọ́ yín lọ́wọ́. Inú yín dùn, ẹ ní ó jọ taipuráítà ilé-ìwé yín. Mo yọ gbogbo nọ́ńbà wẹ́wẹ́ kúrò lójú rẹ̀, ó ku orúkọ orin àti àkókò. Mo pa bọ́tìnì tó ń gbé ohùn sókè sódò pẹ̀lú, kí ìka yín má baà ṣèèṣì kàn án. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìyókù sára ògiri, bọ́tìnì báyìí fún ìbẹ̀rẹ̀, bọ́tìnì báyìí fún ìdúró. Ó ṣì wà níbẹ̀. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.

Inú kọ̀ǹpútà yìí ni a kó ìfidánrawò ẹgbẹ́ akọrin yín sí, ọgbọ̀n ọdún ó lé, láti inú kásẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí a kó o tán, ta ló ní kí a da àwọn kásẹ́ẹ̀tì náà nù, pé eku ń fi wọ́n ṣe ilé? Èmi ni. Ó dá mi lójú nígbà náà. Gbogbo nǹkan ló máa ń dá mi lójú.

Mo ká aṣọ tí Màmá fi bò ó láti ìgbà tí ẹ ti kú kúrò, mo tan án, mo tẹ bọ́tìnì. Orúkọ orin jáde. Àkókò bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ìṣẹ́jú-àáyá kan, méjì, mẹ́ta. Orin ń lọ, Bàbá. Ó ń lọ geere, kò sì dún.

Ẹ ò mọ ohun tí ojú mi rí. Mo yẹ ohùn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wò, ó wà lókè téńté. Mo ní kó ké láti fi dán ẹnu rẹ̀ wò, ó ké. Mo so gbohùngbohùn mọ́ ọn, orin kò dún. Mo yí ọ̀nà tí ohùn ń gbà jáde padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo yẹ ibi tí a kó orin sí wò, gbogbo rẹ̀ pé. Mo kó ọ̀kan sórí fóònù mi, fóònù ní òun kò mọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fa ẹ̀rọ orin mìíràn wálẹ̀ láti fi dán an wò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Odò-Orò ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé orin yín ti bàjẹ́ nínú fáìlì, pé àkókò nìkan ló ń kà, pé kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ mọ́. Mo wo Màmá lójú fèrèsé bó ṣe ń yí kòkó padà, n kò mọ bí màá ṣe wí fún un.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà. Mo gbá tábìlì. Mo ní ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn. Mo ní orí kunkun yín náà ló pa yín. Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu, Bàbá, nínú pálọ̀ yín, níwájú àga yín. Màmá gbọ́. Ó kàn gbé omi wá fún mi.

Ní òwúrọ̀ òní, mo tún ṣí fáìlì ìbẹ̀rẹ̀. Èyí ni fáìlì tí ẹ̀rọ orin máa ń kà láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbàkigbà tó bá jí, ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ ló máa ń ṣe. Mo ti ṣí i bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ogún ìlà tí mo kọ ló wà níbẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan, lẹ́yìn rẹ̀ ojú òfìfo. Ó kàn sú mi ni, mo fi ìka lé bọ́tìnì ìsàlẹ̀, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Òfìfo náà ń lọ. Ó ń lọ. Ni mo bá rí ìkọ̀wé yín.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ta ni kò mọ̀ yín sí i ní ilé-ìwé yín? Ẹ kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun lójú ewé tí iṣẹ́ àná wà. Ẹ ti nà mí rí nítorí rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fáìlì mi, ẹ kọ́kọ́ fi òfìfo gígùn ṣí ojú ewé tuntun. Ohun tí mo ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà.

Ìlà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ lè kà nínú ohun tí ẹ kọ. Ó ní kí ohùn wà ní òdo. Ìyókù, ẹ fi àmì onígi mẹ́rin yẹn ṣáájú rẹ̀, igi méjì dúró, igi méjì sùn. Èmi ni mo kọ́ yín pé ohunkóhun tí àmì yẹn bá ṣáájú, ẹ̀rọ kò ní kà á, yóò fò ó ni, èèyàn nìkan ni yóò kà á. Ẹ wò mí lójú ọjọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan. N kò mọ̀ pé ẹ máa lò ó.

Ohun tí ẹ kọ nìyí:

"Ìyá ilé kejì ti kú. Ogójì ọjọ́ ni, ilé wa kò gbọdọ̀ dún.

Ọmọ mi ti kọ́ mi bí orin yóò ṣe máa lọ láìdún. Ọwọ́ rẹ̀ dí, síbẹ̀ ó kọ́ mi.

Àyà ń fún mi láàárọ̀. N kò ní sọ fún ìyá rẹ̀. Bí ọmọ mi bá pè, màá sọ fún un.

Ọmọ mi kò tíì pè.

Ogójì ọjọ́ ku mẹ́sàn-án. Kí ọmọ mi rántí dá ohùn padà sí ọgọ́rin."

Ẹ kò rí òpin ogójì ọjọ́ náà. Ọ̀nà Ìdó ni ẹ kú sí, nínú ọkọ̀ tó ń gbé yín lọ sí ọsibítù, èmi sì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo ti wá rántí ìpè náà báyìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sẹ́nu ọ̀nà mi bí èèrà, gbogbo wọn ló fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ sì pè mí pé báwo ni orin yóò ṣe máa lọ láìdún. Mo bi yín pé ta ló ń gbọ́ orin tí kò dún. N kò dúró gbọ́ èsì. Mo pe ìlà kan fún yín, mo ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìsàlẹ̀ fáìlì, mo sì ní kí ẹ má pè mí nítorí ọ̀rọ̀ orin lásìkò iṣẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà mo gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń bá ìlà tí èmi fúnra mi pè jà.

Àṣé ẹ jókòó síbí fún odindi oṣù kan, ẹ ń wo àkókò, ẹ sì ń fi ọwọ́ darí orin tí kò dún, kí ẹ má baà gbàgbé rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, kí ọ̀fọ̀ ilé kejì má sì bàjẹ́. Màmá sọ fún mi lónìí pé òun máa ń rí yín. Ó rò pé ọwọ́ yín ló kàn ń gbọ̀n.

Èmi tí mo pe ìlà náà ni ẹnì kẹta. Mo ti dárúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé mo ti fi yín sílẹ̀ o. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ta ló kọ́ mi lówe yẹn, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin? Fóònù wà lọ́wọ́ yín. Orin ni mo ní kí ẹ má pè mí sí, n kò ní kí ẹ má pè mí sí àyà yín! Kí ló dé tí ẹ kò pe Màmá tó wà ní yàrá kejì? Kí ló dé tó fi jẹ́ ibi tí ẹ̀rọ kì í kà, tí ọmọ yín kò sì ní wò, ni ẹ lọ fi ẹ̀mí ara yín pamọ́ sí? Àbí ẹ rò pé màá wò ó? Ṣé ẹ ń dúró dè mí níbẹ̀ ni?

Mo yọ òdo, mo fi ọgọ́rin síbẹ̀. Ìyókù, n kò fọwọ́ kàn án. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un ṣí, mo tẹ bọ́tìnì tí ẹ kọ sára ògiri.

Ẹ wúkọ́. Ẹ pe dò-mì-sọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ dá orin dúró, ẹ fi ìbínú bá ẹnì kan wí, pé "Àbẹ̀kẹ́, o tún ti pẹ́ dé!" Màmá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sáré wọlé láti ìta, kòkó kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti dé o," ló wí.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò jókòó sórí àga yín. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń gbọ́ orin kẹfà. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún un, mo fo ìlà ti àyà. Bóyá lọ́la màá kà á fún un. Ẹ ò rí i pé ẹ̀yin lẹ bí mi?

N kò rí bébà nínú ilé yìí, n kò sì wá a. Inú fáìlì yín ni mo ń kọ lẹ́tà yìí sí, lábẹ́ ìlà tí ẹ ti ní n kò tíì pè. Mo ṣí ojú ewé tuntun kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fi igi mẹ́rin ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Àìkú, bí Màmá bá ṣí ẹ̀rọ fún àwọn akọrin yín, ẹ̀rọ yóò fò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò bọ́ sórí orin. Ẹ̀yin ni kí ẹ má fò ó, Bàbá. Mo pè.

Ọmọ yín, tí ọwọ́ rẹ̀ kò dí mọ́.