Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀ka Kha Náà Gba Ẹ̀kọ́ Ọjọ́bọ̀ Kí Èsì Ìdánwò Tó Jáde

Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Dhalakuri,
Ẹ̀bá Èbúté Ọkọ̀ Ojú Omi,
Dhalakuri, Ìjọba Ìbílẹ̀ Shaluakanda,
Bangladesh.

Ọjọ́ Kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹwàá, ọdún 2019.

Ọ̀gá Àgbà Ètò Ẹ̀kọ́ Girama,
Ọ́fíìsì Ètò Ẹ̀kọ́,
Shaluakanda.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÈSÌ SÍ ÌWÉ WÍ-TẸNU-RẸ, ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ Ẹ̀KỌ́ ỌJỌ́BỌ̀ PADÀ FÚN KÍLÁÀSÌ KẸWÀÁ, Ẹ̀KA KHA

1. Ìwé wí-tẹnu-rẹ tí ẹ kọ sí mi ní ogúnjọ́ oṣù yìí tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́ méje ni ẹ fún mi láti dáhùn, òní ló sì pé méje. Ẹ̀sùn mẹ́ta ni ẹ kà sí mi lẹ́sẹ̀: pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ikú, pé mò ń fi àkókò ìdánwò wọn ṣòfò, àti pé mo kọ̀ láti máa fi nọ́ńbà pe rẹ́jísítà bí òfin ilé-ẹ̀kọ́ ṣe là á sílẹ̀. Màá tètè dáhùn àwọn méjì àkọ́kọ́. Ìkẹta, tó dà bíi pé òun ló kéré jù, ni màá fi kásẹ̀ ọ̀rọ̀ mi nílẹ̀, nítorí òun ló dùn mí jù.

2. Orúkọ mi ni Delwara Khondokar. Ó di ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń kọ́ni ní Ìtọ́jú Ilé níbí, èmi sì ni olùkọ́ Kíláàsì Kẹwàá, Ẹ̀ka Ka, èkíní nínú ẹ̀ka méjì tí kíláàsì náà pín sí, Ka àti Kha. Ní oṣù Kejì ọdún yìí, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ̀wé àṣẹ fún mi pé kí n máa lo ogójì ìṣẹ́jú ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan láti kọ́ àwọn ọmọ nípa ìsoríkọ́. Mo kọ́ wọn pé àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìgbọràn. Mo kọ́ wọn ní àmì rẹ̀. Mo kọ́ wọn pé bí wọ́n bá ń bẹ̀rù nítorí ẹnìkan, kí wọ́n bi í léèrè gbangba, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí wọ́n má bá a pa àṣírí náà mọ́, kí wọ́n wá àgbà kan lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo kọ sójú pátákó lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ ikú tí mo kọ́ wọn kò ju èyí lọ.

3. Ní oṣù Kẹjọ, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, Rehnuma Sultana, kíyè sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà. Orúkọ ọ̀rẹ́ náà kò ní í jáde nínú lẹ́tà yìí. Ọmọ tó máa ń fi òróró pa irun rẹ̀ láràárọ̀ kò fọwọ́ kan irun náà mọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lákòókò ìsinmi, ó ń pín muri rẹ̀, ìrẹsì yíyan tó máa ń mú wá, fún àwọn ẹlòmíràn láìfi ẹyọ kan kan ẹnu. Lẹ́yìn náà ló gbé agolo kọ́ńpáàsì rẹ̀, èyí tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Dubai, fún Rehnuma. Mo da ohun tí Rehnuma kọ sílẹ̀ kọ síbí bó ṣe kọ ọ́:

"Mo ní, 'Ìwọ yìí, kí ló dé tó o ń pín ẹrù ẹ bí ẹni tó fẹ́ kó kúrò nílé?' Ó ní, 'Gbà á jàre, o ti ń yá a jù.' Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo rántí ohun tí Àǹtí kọ́ wa. Mo bi í gbangba pé, 'Ṣé ò ń rò ó pé kó o pa ara ẹ ni?' Ó kàn kọjú sí omi èbúté. Mo ní, 'Tó o bá fẹ́, bínú sí mi títí dọjọ́ ìgbéyàwó ẹ, mi ò ní í bò ó, mi ò sì ní í fi ẹ́ sílẹ̀.' Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú títí a fi dé ọ̀dọ̀ Àǹtí."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, èmi àti ìyá ọmọ náà mú un wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ní ìsoríkọ́ ni, ó fún un lóògùn, ó sì ní kó máa wá bá òun sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Lónìí, ọmọ náà wà lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. Ó ti gba agolo kọ́ńpáàsì rẹ̀ padà lọ́wọ́ Rehnuma, wọ́n sì ti tún ń jà lé e lórí.

4. Ohun tó yẹ kí wọ́n fi dúpẹ́ ni wọ́n fi dá mi lẹ́bi. Ní ìpàdé Ìgbìmọ̀ Alábòójútó tó wáyé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹsàn-án, Alága wa, Alhaji Motaleb Sikder, dìde ó sì sọ pé, "Ṣé ẹ ò rí i báyìí? Kí obìnrin yìí tó kó ọ̀rọ̀ ikú dé, ọmọ ta ló ń ronú ikú ní Dhalakuri? Ẹ jẹ́ kó padà sídìí ọbẹ̀ tó ń kọ́ wọn." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n fòǹtẹ̀ lù ú níjọ́ náà pé ẹ̀kọ́ náà ti dópin, ní ọ̀sẹ̀ kan péré kí Ẹ̀ka Kha tó bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Mo bọ̀wọ̀ fún irùngbọ̀n Alága, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó sọ fún ọmọ pé odò jìn kọ́ ló tì í sómi. Dókítà náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún mi pé bíbi ọmọ léèrè kì í gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Ńṣe ló máa ń jẹ́ kó rí ẹni bá sọ ọ́. Bí a bá sì ń wá ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ ikú, àwa àgbà ni. Nídìí tíì ní èbúté, lójoojúmọ́, là ń sọ ọ́ létí wọn pé ikú yá ju ẹ̀sín. Àwa fi ń ṣe àsọdùn. Àwọn gbà á gbọ́. Inú ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, Ọ̀gá, mi ò sì ní í dibọ́n pé kò bí mi.

5. Ní ti ìfàkókòṣòfò: ní oṣù Kẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn ọmọ kan náà fi dúró nínú oòrùn tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa to ìlà, tí wọ́n sì máa ju òdòdó sí àlejò kan lára. Àlejò náà pẹ́ wákàtí mẹ́rin, ó sì lo ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ẹnikẹ́ni kò kọ ìwé wí-tẹnu-rẹ lórí ìyẹn.

6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìpínrọ̀ yìí, nítorí òun ni kò lè dúró. Ẹ mọ̀, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti mọ̀, pé ipò tí ọmọ bá gbà nínú ìdánwò ìparí ọdún ló ń di nọ́ńbà rẹ̀ nínú rẹ́jísítà ọdún tuntun. Ẹni tó ṣe ìkíní di Nọ́ńbà Kìíní, ẹni tó gbẹ́yìn gba nọ́ńbà ìkẹyìn, nọ́ńbà yẹn la ó sì máa pè é títí ọdún á fi parí. Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ Ẹ̀ka Kha kọjá nígbà tí olùkọ́ wọn ń pe rẹ́jísítà. Mo gbọ́ tí ohùn kan dáhùn sí Nọ́ńbà Mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí wọ́n dé Mẹ́rìnlélógójì, ohùn yẹn náà ló tún dáhùn. Mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi pè é tán.

Mo béèrè ilé Mẹ́rìnlélógójì, mo sì lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo bá a lórí ibùsùn, ó kọjú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ ní, "Ó rẹ̀ ẹ́ ni, Tíṣà. Ìwé ti pọ̀ jù fún un. Ọjọ́ kẹfà rèé tó ti ń sùn." Mo jókòó tì í. Mo bi í ní ìbéèrè tí mo kọ́ àwọn ọmọ mi. Ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ìyá kan máa fẹ́ gbọ́. Ìyá rẹ̀ ti mọ̀ báyìí, dókítà ti rí i, ẹnìkan sì ń bá a gbé inú yàrá tọ̀sán-tòru. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ó di orí mú, ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Alága gbọ́." Ọmọ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló wà ní Ẹ̀ka Kha. Ọ̀kan ni mo rí, nítorí pé mo ń kọjá lọ. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kọkànlá, tí í ṣe Ọjọ́ Àìkú, ni èsì ìdánwò àṣewò máa jáde. Orí ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ la máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, tí a ó fi bírò pupa kọ nọ́ńbà àwọn tí kò ní í lè forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò àṣekágbá. Ọjọ́bọ̀ méjì péré ló kù kí ọjọ́ náà tó pé.

7. Ó wá ku ẹ̀sùn kẹta. Òótọ́ ni. Mi ò fi nọ́ńbà pe rẹ́jísítà mọ́. Orúkọ ni mò ń pè, mo sì máa ń dúró títí ojú èmi àti ọmọ náà yóò fi pàdé. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n; ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló ń gbà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹjọ́ mi sùn ṣe kà á.

Ní ọdún tó kọjá, èmi náà ń pe nọ́ńbà. Ọmọkùnrin kan wà tó jẹ́ Nọ́ńbà Kìíní láti kíláàsì kẹfà títí dé ìkẹsàn-án. Nígbà tó dé kíláàsì kẹwàá, ó di Nọ́ńbà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é lórí pápá. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Èmi olùkọ́ rẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹsàn-án, kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joydeb ń bá a dáhùn lójoojúmọ́, nítorí pé ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò bá pé nínú rẹ́jísítà kò ní í jókòó ṣe ìdánwò. Joydeb sọ fún mi lẹ́yìn náà pé, "Àǹtí, mo rò pé oore ni mò ń ṣe é. Mo ní tára ẹ̀ bá yá, á bá rẹ́jísítà ẹ̀ ní pípé." Mi ò bá ọmọ náà wí. Ọmọdé ni; èmi tí mo ti lé lógójì ọdún ni kò gbórí sókè nínú rẹ́jísítà.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, bàbá rẹ̀, Kuddus Mridha, atukọ̀ ní èbúté wa, jí láti kírun, ó sì rí i pé ọmọ òun ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ìròyìn kò dé ọ̀dọ̀ wa títí di ọ̀sán. Ní aago mẹ́wàá, mo ti pe Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ohùn kan ní, "Mo wà, mà." Mo sàmì sí i pé ó wà.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, bàbá náà wá sí ilé-ẹ̀kọ́. Kò mọ̀wé. Ó ní kí n fi ibi tí ọmọ òun wà nínú ìwé náà han òun, mo sì fi hàn án. Ó gbé ìka lé àmì tó kẹ́yìn. Ó ní, "Tíṣà, kí ni wọ́n kọ síbí?" Mo ní, "Wọ́n kọ ọ́ pé ó wà." Ó ní, "Ta ló rí i?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ń dáhùn láràárọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Mi ò ní ìdáhùn mìíràn sí ẹ̀sùn kẹta yín. Orúkọ ọmọ náà ni Ekramul Mridha. Bàbá rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́ síbí.

8. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí n wọ Ẹ̀ka Kha ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí, àti ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, fún ogójì ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ pàṣẹ kí a máa pe àwọn ọmọ ní orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kí a fi bírò pupa kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sára ògiri ní ọjọ́ kẹwàá. Kí a fi èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan lé e lọ́wọ́, kí àgbà kan sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé èmi ni ẹ kò fẹ́, ẹ dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì fún olùkọ́ mìíràn ní ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo àkọsílẹ̀ mi wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn àga mi. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí olùkọ́ tó fẹ́ ẹ, Rehnuma Sultana lè kọ́ wọn. Ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìparí. Mò ń retí yín kí agogo Ọjọ́bọ̀ tó lù.

Èmi ni tiyín, tí kò tún ní í sàmì sí ohun tí kò fojú rí,

Delwara Khondokar,
Olùkọ́ Ìtọ́jú Ilé, Kíláàsì Kẹwàá, Ẹ̀ka Ka.

Àwọn ìwé tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí:
Ìwé àṣẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ti oṣù Kejì.
Ọ̀rọ̀ Rehnuma Sultana, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀.
Ìtẹ̀ka Kuddus Mridha.
Ẹ̀dà ojú-ewé rẹ́jísítà ti ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2018. Ẹ wo ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n.