Orúkọ Ta Ló Wà Lára Rélùwéè Rẹ?

Abúlé Ìdí-Òsè,
lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2013.

Nùrẹ́nì ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Fàthíà ìyàwó rẹ, mo kí Aasiyah ọmọ-ọmọ mi. Ṣé ara yín le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run Ọba tó jí yín lónìí yóò máa jí yín, ẹ kò ní jáde láàárọ̀ kí ẹ má bá ilé yín nírọ̀lẹ́, ẹ kò sì ní rí ìjà lanlọ́ọ̀dù. Àmín. Èmi àti ìyá rẹ wà, a dúpẹ́. Orúnkún ló ń yọ ìyá rẹ lẹ́nu, ojú òsì mi náà ṣì ń ṣú láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ó sì ń ríran dáadáa, nítorí náà má sọ pé mi ò rí ohun tí mo rí.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ, tí n kò pè ọ́. Mo pè ọ́ títí. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, obìnrin kan ló ń gbé fóònù rẹ, òyìnbó ló ń sọ, kì í sì í jẹ́ kí n parí ìkíni kó tó máa sọ tirẹ̀ lọ. Tíṣà Julius, ará Èkìtì tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní sùkúù, bá mi gbọ́ ọ, ó ní obìnrin náà ní o kò sí nítòsí. Mo kí i, mo bi í pé ọmọ ta ni, mo bi í pé kí ló ń fi fóònù ọkọ ọlọ́kọ ṣe, kò dá mi lóhùn, ó tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní ẹ̀kọ́ rárá, mo fẹ́ kí o mọ̀.

Nílé níbí, ìjì ká páànù mẹ́ta lórí ilé wa lóṣù tó kọjá, ike la fi bò ó. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan kú. Owó tí o fi ránṣẹ́ dé, tàbí kí n kúkú sọ pé ìròyìn rẹ̀ dé, nítorí pé báǹkì kọ ọ́ sínú fóònù mi pé owó ti wọlé. Mo gbé fóònù náà lọ bá Tòún tó ń ta páànù, ó kà á, ó ní lóòótọ́ ni owó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún mi ní páànù. Mo ní kó yọ iye tirẹ̀ níbẹ̀ kó fún mi ní ṣéńjì, ó ní òun kò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Ó ní kí n lọ sí báǹkì. Mo ní kí ni mo tún ń wá lọ sí báǹkì nígbà tí báǹkì ti gbé owó wá bá mi. Owó náà ṣì wà nínú fóònù báyìí, abẹ́ ìrọ̀rí ni mo ń gbé e sí tí mo bá fẹ́ sùn.

Ohun tó mú mi jókòó kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ rélùwéè rẹ. Nígbà tí mo wá sọ́dọ̀ yín ní Ìgandò lẹ́yìn Iléyá, tí mo wá fi ojú han dókítà, mo bá a nínú pálọ̀, nínú dígí. Kí n má purọ́, ó wù mí. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ jàre. Àwọ̀ ewé tó ń dán, ilà wúrà tín-ín-rín yíká ara rẹ̀, táyà onírin dúdú, ṣímínì tí èéfín ń gbà jáde, agogo, àní mo rí èédú wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sẹ́yìn, mo sì ka ìṣó tó wà ní ìhà kan títí tí ojú fi ń ro mí. O sọ fún mi pé ó ń mu omi, o ní tí èèyàn bá dáná sí i, á máa mí èéfín gidi, á sì máa rìn. Mo ní alihamdulilahi, ọmọ mi ti di ọlọ́kọ̀. Ó kéré lóòótọ́, kò gùn ju apá mi lọ, ṣùgbọ́n n kò fojú kéré rẹ̀ nítorí pé kẹ̀kẹ́ ológeere lèmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Mo rò ó pé bí owó rẹ ṣe mọ nìyẹn.

Àfi ìgbà tí Fàthíà sọ iye tí o rà á fún mi ní kíṣìnnì. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà. Orí agolo gáàsì ni mo jókòó lé. Mo bi í pé ṣé kò sí èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ́jà ọ̀hún ni. Nùrẹ́nì, iye yẹn ra bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ elérò mẹ́rìnlá, tìrẹ yìí kò lè gbé ọmọ adìyẹ mẹ́rin. Mo gbà pé ìwọ lo mọ ọ̀nà tí o fẹ́ fi í ná, bóyá ẹrù kékeré ni ẹ ó máa fi kó, ata gígún tàbí abẹ́rẹ́. N kò bi ọ́ nígbà yẹn nítorí pé àlejò ni mí nílé rẹ.

Nígbà tí mo wá nawọ́ sí i, o kígbe mọ́ mi pé kí n má fọwọ́ kàn án, o ní epo ara ọwọ́ èèyàn á ba ọ̀dà rẹ̀ jẹ́. Èmi tí mo wa lọ́rì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tí mo kó iṣu dé Sókótó tí mo kó àlùbọ́sà bọ̀, n kò lè fọwọ́ kan mọ́tò ọmọ mi. Ìwọ wá lọ wọ ìbọ̀wọ́ funfun, o gbé e bí ẹni tó fẹ́ wẹ òkú. O ní kí eruku má bà lé e ni o ṣe fi í sínú dígí. Ẹ̀yìn ààtàn Solous kẹ̀ ni ẹ ń gbé. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ wá láti ọ̀hún, ìyàwó rẹ á fi ìborùn bo imú, ọmọ á máa wúkọ́, rélùwéè nìkan ni kì í gbọ́ òórùn nínú ilé yẹn. Tí àyè bá ṣẹ́kù nínú dígí náà, jọ̀ọ́, gbé Aasiyah sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo ní kí o mú ìwé ọkọ̀ wá kí n wò ó, nítorí pé ohun tí ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. O gbé ìwé kan fún mi, ó ní òǹtẹ̀, òyìnbó kan fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí mo rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn. Wọ́n kọ ọ́ pé ìkejìléláàádọ́fà nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. O kò sọ fún mi pé àjọ ni ẹ fi rà á. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn ló dá owó jọ, ìwọ ni ẹni kejìléláàádọ́fà tó kàn, kò tì, kò burú. Ṣùgbọ́n mo ti dá àjọ rí, mo mọ̀ pé ẹni tó gba tirẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn ló ń retí lọ́la. Lọ́jọ́ tí ẹni kẹtàléláàádọ́fà bá wá kan ilẹ̀kùn rẹ ní Ìgandò pé ó ti kan òun, kí ni o máa nawọ́ sí lára ọkọ̀ náà pé tìrẹ ni? Fàthíà tún kà á fún mi lára páálí rẹ̀ pé ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́rìnlá kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Òfin yẹn dára. Ṣùgbọ́n ìwọ tí o ti pé ọdún méjìdínlógójì, n kò rí láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ tìrẹ náà.

Ká tilẹ̀ fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ta ni Cecilia?

Mo rí i ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo rí i ní ẹ̀gbẹ́ òsì, wọ́n fi idẹ kọ ọ́ gàdàgbà: Lady Cecilia. Mo bi ọ́, o rẹ́rìn-ín, o ní kì í ṣe ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ wà níbẹ̀, òun kò rẹ́rìn-ín. O ní bí wọ́n ṣe kun ọkọ̀ náà gẹ́lẹ́ nílùú òyìnbó lọ́dún 1931 nìyẹn, pé ohun tí o sanwó lé lórí gan-an nìyẹn, pé bí èèyàn bá fi ẹyọ lẹ́tà kan kún un tàbí tó yọ ẹyọ kan, ó ti bàjẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn fún ìyá rẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bi mí pé ta ni Cecilia. Ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé obìnrin tó ń gbé fóònù rẹ yẹn gan-an ni. Mo gbèjà rẹ, mo ní bóyá ìyá ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgbèjà yẹn pàápàá kò dára, nítorí pé kò sí ẹni tó ń ra mọ́tò lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí kì í pa orúkọ onítọ̀hún rẹ́ kó tó gbé e wọ àdúgbò. Ìyá ẹni, ọmọ ẹni, tàbí ìyàwó tí èèyàn ń bẹ̀rù, àwọn là ń kọ sára ọkọ̀. Ìwọ fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ra orúkọ ìyá oníyàá, o tún ń nù ún.

O rántí lọ́rì mi. ÀBẸ̀KẸ́ ÌYÁ MI ni mo kọ síwájú orí rẹ̀, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n láti ibí dé Ìlọrin. Ọdún tí o wọ pólì ni mo tà á, ọdún 1994, nítorí owó ilé-ìwé rẹ. Ọkùnrin ará Ìbàdàn tó rà á kò tilẹ̀ dúró kí n ka owó tán, ó da pẹtiróòlù sí àkísà, ó gun iwájú ọkọ̀, ó sì ń nu orúkọ ìyá mi. Mo dúró, mo ń wò ó. Ìwọ lo dúró tì mí. O sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé kí n má sunkún, pé ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí ìwọ bá rà láyé rẹ, orúkọ mi ni o máa kọ sí i. Èmi kò bẹ̀ ọ́ kí o tó sọ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn, mo ń retí. Ọkọ̀ tí o ń gbé lọ síbi iṣẹ́, o ní ti kọ́ńpìnnì ni, mo gbà. Rélùwéè yìí kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì.

Mo ti sọ fún gbogbo abúlé pé Nùrẹ́nì ra rélùwéè. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, Lèmọ́mù dúró tì mí lójú gbogbo jàmáà, ó ní ṣé orúkọ bàbá wà lára rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, mo purọ́ nítorí rẹ, láti ìgbà náà n kò lè wo ojú Lèmọ́mù dáadáa. Ó dùn mí, Nùrẹ́nì. Kì í ṣe owó tí o ná ló dùn mí, ìlérí yẹn ni, nítorí mo rí i pé èmi nìkan ni mo rántí rẹ̀.

Nítorí náà, Mùtíù akunlé tó kọ ara lọ́rì mi nígbà yẹn ló mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀ báyìí, ọjọ́ orí ni, ṣùgbọ́n tó bá ti di búrọ́ọ̀ṣì mú, ó máa ń rọlẹ̀. Mo júwe ọ̀nà fún un láti Ìyànà-Ìpájà títí dé ẹ̀yìn ọsibítù Ìgandò. Mo ti bá Fàthíà sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ dígí wà, ó sì ní tayọ̀tayọ̀ ni òun fi máa fún Mùtíù ní ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n máa fi yọ Cecilia. ABDULGANIYY ni yóò kọ síbẹ̀. Orúkọ mi gùn díẹ̀, nítorí náà láti orí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ dé ìdí, lẹ́tà funfun lórí ọ̀dà pupa, kó lè hàn dáadáa lórí àwọ̀ ewé yẹn. Ó ní òun á ya àṣá méjì sí i láìgba owó kún un. Lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá, nọ́ńbà fóònù mi ni mo ní kó kọ síbẹ̀, kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ rẹ tó kù lè mọ ẹni tí wọ́n máa pè.

Jọ̀ọ́, fún Mùtíù ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún fún iṣẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fún owó ọkọ̀, kí o sì fún un lóúnjẹ. Fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún rán an sí mi fún páànù, owó gidi ni o, má ṣe fi sínú fóònù mọ́, èyí tó wà níbẹ̀ kò tíì jáde. Tí o bá ní ìbọ̀wọ́ funfun mìíràn, fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, yóò fi já ewé èsìsì tó ń jóni lọ́wọ́.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ já lórí irin. Kò ní tẹ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí o bá fi ọwọ́ rẹ ṣe, orúkọ ìdílé rẹ ni ayé máa rí lára rẹ̀. Aasiyah á dàgbà, yóò sì tọ́jú ìwọ náà dé ọjọ́ alẹ́.

Mo ní kí Mùtíù má gbé lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́ títí ọ̀dà yóò fi gbẹ. Bí o ṣe ń kà á yìí, ó ti gbẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Abdulganiyy.