Pentayya Ni Mo Fi Omi Pupa Pàdé Lẹ́nu Ọ̀nà

Suribabu ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Padmaja aya rẹ le, ṣé Lahari ọmọ ọmọ mi ti ń jẹ ẹ̀fọ́ báyìí tàbí ó ṣì ń jù ú sábẹ́ tábìlì? Èmi wà ní àlàáfíà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn mí, ti òsì ò dùn mí, nítorí náà mo dúpẹ́. Olúwa Orí Òkè Méje kò ní jẹ́ kí n gbọ́ ibi nípa rẹ, kò sì ní jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ Hyderabad tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé fara kan aṣọ rẹ.

Màlúù dúdú ti bímọ, abo ni. Àgbọn ọdún yìí kò pọ̀ ṣùgbọ́n ó lómi. Máńgòrò kíkan ti dé, mo sì ti fi ata àti òróró po avakaya ìkòkò mẹ́ta, ọ̀kan jẹ́ tìrẹ, mo fi ayù kún un bí o ṣe máa ń fẹ́ ẹ.

O máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìdí ni pé lórí fóònù láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, ìwọ nìkan lo sọ̀rọ̀. O pariwo, o ní Amma, wọ́n máa lé mi lẹ́nu iṣẹ́, o ní Amma, ẹ ṣáà ṣe ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe, ìgbà tó wá kàn mí láti fèsì, obìnrin kan dá sí i pé owó rẹ ti tán. Mo bẹ obìnrin náà kó fún wa ní ìṣẹ́jú méjì sí i, mo ní ìyá àtọmọ ló ń sọ̀rọ̀, ó gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Lẹ́tà kò ní irú ìwà bẹ́ẹ̀, ó máa ń jẹ́ kéèyàn parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Tíṣà Varalakshmi tó ń kọ́ àwa àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́sàn-án ti sọ lójú gbogbo èèyàn pé nínú àwa mẹ́rìnlá, èmi ni ọwọ́ mi dúró jù. Nítorí náà jókòó, kí o kà á délẹ̀. Ẹnu àwọn tó gbà ọ́ síṣẹ́ lo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Inú ilé mi ló ti ṣẹlẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ.

Ìwọ lo mú wọn wá. O ní ilé iṣẹ́ fíìmù tí o ń bá wá ilé kiri ń fẹ́ ilé olówó àtijọ́ tó ní àgbàlá láàárín, mo sì ní kí wọ́n máa bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi sọ wá di olówó. Wọ́n kun iwájú ilé, wọn ò kun ẹ̀yìn, wọ́n ní kámẹ́rà kò ní débẹ̀. Wọ́n gbé àga tí èèyàn mẹ́fà lè sùn lé wá, wọ́n so iná onígíláàsì mọ́ òrùlé tó ń jò, wọ́n tún gbé àwòrán ọkùnrin onírùngbọ̀n kan wá pé kí àwọn yọ ti bàbá rẹ, kí àwọn gbé e kọ́ síbẹ̀, torí òun ni bàbá ńlá ìdílé wa. Mo ní ta ni? Wọ́n ní nínú fíìmù ni, Bamma, torí ìyá àgbà ni gbogbo wọn ń pè mí. Mo ní ó dáa, kó dúró, ṣùgbọ́n bàbá Suribabu á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa ṣọ́ ọ.

Ìtàn fíìmù náà yé mi dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé kò yé mi. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá ló lọ sọ nílé olówó pé òun ni ọmọ ọmọ wọn tó sọnù níbi àjọ̀dún nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ilé náà gbà á, ìgbà tí àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ wọn sì kó àdá wá, òun ló lù wọ́n ní méjì méjì títí wọ́n fi ń fò bí òwú. Obìnrin tó yẹ kó ṣe ìyá àgbà kò lè fara da oòrùn oṣù Karùn-ún wa, ó ti padà sí Hyderabad. Olùdarí fíìmù káwọ́ lérí, ó ń rìn kiri, ó wá rí mi níbi tí mo ti ń bá èèyàn méjìlá jà nítorí bàtà tí wọ́n wọ̀ kọjá níwájú yàrá àdúrà. Ó ní Bamma, ṣé ẹ lè ṣe ìyá àgbà? Mo ní ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ṣe é.

Wọ́n mú fọ́ọ̀mù wá. Ẹni tó mú un wá ti gbé inki dání kí n fi tẹ àtàǹpàkò. Mo ti inki rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ka fọ́ọ̀mù náà látòkè délẹ̀, àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, ìrẹsì ti jinná kí n tó parí, gbogbo wọn sì dúró. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo fún wọn ní ojú mi àti ohùn mi títí láé. Mo fa igi lé e. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé mo yá wọn ni, kí wọ́n dá a padà tí wọ́n bá lò ó tán, torí mo ṣì ń lò ó.

Ohun tó wá fa ọ̀rọ̀ nìyí. Olùdarí ní awakọ̀ náà máa dé ẹnu ọ̀nà, kí n gbé àwo omi pupa, kí n fi yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta kí ojú burúkú má bàa tẹ̀lé e wọlé. Mo ní ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi nìyẹn? Èmi fúnra mi po atalẹ̀ pupa mọ́ ẹfun, omi náà sì pọ́n bó ṣe yẹ. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì kaakí awakọ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Mo pe orúkọ bàbá rẹ àti ti bàbá bàbá rẹ, mo ní ẹ wò ó o, ọmọ yín ló dé yìí, mo fi ìka kan iwájú orí rẹ̀, mo sì lọ da omi náà sí ojú títì. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù ni. Mo mú un wọlé, mo tú ìrẹsì gbígbóná sínú abọ́ tí mo fi po avakaya, mo pò ó bí mo ṣe máa ń pò ó fún ọ, mo sì fi ọwọ́ ara mi fi òkèlè mẹ́ta sí i lẹ́nu. Ata ta á, ó ní kí n fi kún un.

Ìgbà yẹn ni olùdarí pàtẹ́wọ́, ó ní ó dáa gan-an Bamma, iná ti tò, ẹ pe Tejeswar wá ká bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin mìíràn tó wọ irú ṣẹ́ẹ̀tì kan náà bá bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n mú agbòjò lé e lórí. Òun ni gbajúmọ̀ òṣèré tí àwọn ọmọbìnrin Amalapuram ń dákú nítorí rẹ̀. Wọ́n ní kí n fi omi pupa yí ẹni yìí ká. Mo ní omi wo? Mo ti dà á nù. Ọmọ ti wọlé, ó ti jẹun, ó wà nínú ilé. Wọ́n ní rárá o, Pentayya nìyẹn, ayédèrú Tejeswar ni, òun ló máa ń dúró sí ipò rẹ̀ kí àwọn lè to iná, òun náà ló máa ń já bọ́ láti orí òrùlé dípò Tejeswar. Mo ní ẹni tó ń já bọ́ dípò ẹlòmíràn kọ́ ni ayédèrú. Mo nawọ́ sí gbajúmọ̀ náà, mo ní ayédèrú rèé. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Tejeswar náà rẹ́rìn-ín, ọmọ dáadáa ni, mi ò ní nǹkan bá a fà. Nígbà tó yá, mo po omi mìíràn, mo sì fi yí i ká nítorí tìrẹ, ṣùgbọ́n mi ò pe orúkọ bàbá rẹ lé e lórí. Ẹnu mi kàn ń mì lásán ni.

Mo pe Pentayya sẹ́yìn ilé, mo bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Ó ní ọmọ mẹ́ta ló kú mọ́ ìyá òun lọ́wọ́ kó tó bí òun, nítorí náà ni ó ṣe gbé òun sórí ààtàn, tó tún lọ gbé òun padà, kí ikú lè kórìíra òun, kó sì fi òun sílẹ̀. Ààtàn náà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló wà tí ìyá náà kú. Ó ti já bọ́ nínú fíìmù mọ́kànlélógójì, ìhà rẹ̀ ti kán lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ ò sì hàn nínú ẹyọ kan. Ó ní iṣẹ́ náà nìyẹn, Bamma, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń kọ́ni ni kéèyàn dojú bolẹ̀, torí tí ojú bá hàn, wọ́n á da ìyẹn nù, òun á sì tún já bọ́. Ó ní òun ti rí i tí wọ́n fi omi pupa yí alùpùpù tuntun ká, wọn ò fi yí òun ká rí.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí ọ́fíìsì abúlé pé kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ kún káàdì oúnjẹ wa, èyí tí ìjọba fi ń fún ìdílé ní ìrẹsì. Akọ̀wé ní báwo ló ṣe jẹ́ sí yín? Mo ní mo ti fi omi pupa yí i ká. Ó ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù. Mo ní kó fa ìlà kan sí i, ṣé rúlà ni kò ní ni?

Ti Ọjọ́ Ẹtì lo wá ń bá mi jà lé lórí. Pentayya á já bọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè sínú àgbàlá, wọn á dá kámẹ́rà dúró, Tejeswar á wá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, wọn á fi ọ̀dà pupa kùn ún lẹ́nu, ìgbà yẹn ni kí èmi wá sáré lọ bá a, kí n sọ pé bó o jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi, bó ò jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi, ọmọ mi ni ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sọ ọ́ fún mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Ó já bọ́. Suribabu, ìwọ náà já bọ́ nínú àgbàlá yẹn nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méje, tí apá rẹ kán. Ìró kan náà ni mo gbọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ẹsẹ̀ tó ń dùn mí yìí, mi ò rántí pé mo ní in. Mo bá a níbi tó ti dojú bolẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, mo di àgbọ̀n rẹ̀ mú, mo yí ojú rẹ̀ sókè sínú ìmọ́lẹ̀, mo ní Pentayya, lajú kí n rí ọ. Ó ní Bamma, ẹ fi mí sílẹ̀, kámẹ́rà ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo ní kó máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ mi, mi ò gbàgbé ẹyọ kan. Ọgọ́ta èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ń fi èjìká nu ojú. Olùdarí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tó sì dìde, ó ní òun ò tíì ya ohun tó dára tó báyìí rí, òun ò sì lè lò ó, torí ojú Pentayya ló wà níbẹ̀. Ó ní orúkọ awakọ̀ náà kì í tiẹ̀ ṣe Pentayya. Mo ní kí wọ́n yí orúkọ awakọ̀ náà padà.

Wọ́n ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti tún un ṣe, o sì ní bí mi ò bá gbà, wọ́n á lé ọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé ọ. Tí wọ́n bá lé ọ, máa bọ̀ nílé, yàrá rẹ wà, ẹ̀yìn ilé ló wà ni wọn ò fi kùn ún, ṣùgbọ́n kì í jò. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà, mi ò sì ní bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó kí n máa wo ọmọ tó já bọ́, kí n wá dìde nígbà tí wọ́n bá gbé ẹlòmíràn sípò rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò pọ̀. Ọmọ tí a gbà wọlé kì í lọ láìgba aṣọ tuntun, nítorí náà ra dhoti kan àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún Pentayya, èjìká rẹ̀ fẹ̀ ju tìrẹ lọ. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí èmi náà fún awò ojú, torí fọ́ọ̀mù wọn ti ba ojú mi jẹ́. Má gba ti báńkì rán an. Èyí tí o rán lóṣù tó kọjá, mo ní kí akọ̀wé fi hàn mí, ó ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà, mo ní kó ṣí i kí n rí i bí eku ò tíì jẹ ẹ́, ó kọ̀. Fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó bá mú lẹ́tà yìí wá bá ọ.

O ò ní rìn nígbà tí ọ̀nà bá ń wá ẹ̀jẹ̀. Ẹnu rẹ ò ní kan ní Hyderabad, oúnjẹ ò ní wọ́n lórí ewé rẹ, Lahari á sì dàgbà kọjá gíga ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá wálé, omi pupa tìrẹ náà á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé n kì í ṣe olóríkunkun. Tí ojú Tejeswar ni wọ́n bá fẹ́, kó gun òkè lọ fúnra rẹ̀, kó sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá já bọ́ sínú àgbàlá mi ní Ọjọ́bọ̀ ni mo máa sáré lọ bá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mangatayaru, tí kò tẹ àtàǹpàkò.