Ẹ́ńjìnì Tuntun fún Orogún Mi

Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án 2025
Orogún mi tún dójú tì mí lónìí. Pijó 504 ni mò ń bá wí — ọkọ̀ tí bàbá Bọ̀wálé ọkọ mi rà kí wọ́n tó bí i, tí Bọ̀wálé fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá sí Amẹ́ríkà níbí láti Nàìjíríà lẹ́yìn tí bàbá kú, tó sì ń kẹ́ ju èmi tó fi òrùka sí lọ́wọ́ lọ. Central Avenue ló kú sí. Ìpàdé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ, mo ti múra tán, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ló bá mi tì í. Mo délé, mo ní kí Bọ̀wálé jẹ́ ká fi ẹ́ńjìnì ìgbàlódé sí i. Ó ní ẹni tó bá yọ ẹ́ńjìnì bàbá òun, bàbá òun ló yọ. Alágídí!

Ajé, 8 Oṣù Kẹsàn-án
Alágídí ti lọ sí Texas, iṣẹ́ ló rán an. Mo pe Jeremiah, mẹkáníìkì tó wà lápá Upper Marlboro. Ó ní ẹ́ńjìnì Toyota kan wà nílẹ̀ tó máa wọ̀ ọ́, òun ti ṣe irú ẹ̀ rí. Mo ní kó wá gbé e. Ọjọ́ ìbí Bọ̀wálé ń bọ̀ — ẹ̀bùn ni. Tó bá ti wà á lẹ́ẹ̀kan, á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 11
Jeremiah bi mí bóyá kó tọ́jú ẹ́ńjìnì àtijọ́ fún wa. Mo ní kò sáyè ní gáréèjì.

Ẹtì, 12
Bọ̀wálé pè. Ó bi mí léèrè àwọn ọmọ, ó bi mí léèrè ọkọ̀. Mo ní gbogbo wọn wà. Mo ń ṣe bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.

Ajé, 15
Nímọ́tà pè láti Ìbàdàn — ọmọ tó ń tọ́jú ìyá ọkọ mi, kò tíì pé oṣù kan níbẹ̀. Ó ní Màmá kọ oúnjẹ lánàá, wọ́n ní àwọn ń dúró de ọkọ àwọn. Ọkọ tó ti kú tipẹ́! Ó ti ṣe díẹ̀ tí iyè Màmá ti ń ra. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ìtọ̀ wọn wò, àìsàn ibẹ̀ máa ń da arúgbó lọ́kàn rú. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo gbọ́n lójú ara mi.

Ọjọ́rú, 17
Èsì àyẹ̀wò Màmá dé. Kò sí nǹkan kan.

Ẹtì, 19
Orogún dé! Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo wà á yí Lake Arbor ká, mò ń kọrin.

Àbámẹ́ta, 20
Bọ̀wálé dé. Mo kó kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, mo ní happy birthday. Ó tan ọkọ̀. Ó pa á. Ó tún un tàn. Mò ń retí kó pariwo mọ́ mi kí n lè rí èsì fọ̀. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Wùnmí, engine yẹn ńkọ́?”

Ìgbà yẹn ló tó ṣàlàyé fún mi. Àìkú-Àìkú tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, inú ọkọ̀ yẹn ló ti máa ń pe Màmá. Mo rò pé ariwo àwọn ọmọ ló ń sá fún. Àṣé ó máa ń tan ọkọ̀ kí Màmá lè gbọ́ ọ lórí fóònù ni. Ojú Màmá ti fọ́. Nígbà ayé Bàbá, tí wọ́n bá ti gbọ́ ọkọ̀ yẹn lẹ́nu géètì ni wọ́n ń bu oúnjẹ. Títí di ìsinsìnyí, bí wọn ò bá gbọ́ ọ lọ́jọ́ Àìkú, wọn ò ní fẹnu kan nǹkan. Àìkú tó kọjá, Texas ló wà. Ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Kí ló dé tí kò sọ fún mi? Ó ní ojú ń ti òun pé irọ́ lòun ń pa fún ìyá òun.

Mo pe Jeremiah. Ó ní àwọn tó ń ra irin àlòkù ti gbé ẹ́ńjìnì náà lọ, wọ́n ti rún un. Mo bi Bọ̀wálé bóyá ó gba ìró ẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ta ló ń gba ìró ohun tó wà nílé sílẹ̀. Mo ní ká wá ti ọkọ̀ ẹlòmíì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí.

Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè gan-an ni mo fọ́. Mo jẹ̀bi, jàre. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ rò ó tí mi ò ní jẹ̀bi.

Àìkú, 21
Mo tọrọ ààyè lẹ́nu iṣẹ́. A jọ jókòó sínú ọkọ̀. Bọ̀wálé ò lè ṣe é, ó na fóònù sí mi. Nímọ́tà gbé ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ sí Màmá létí. Ó ní oúnjẹ ti wà níwájú wọn. Mo kí wọn, mo tan ọkọ̀, mo na fóònù síta.

Màmá tẹ́tí sí i. Wọ́n wá ní, “Nímọ́tà, lọ ṣílẹ̀kùn, a ní àlejò.”

Nímọ́tà ní, “Màmá, ẹ jẹun o.”

“Rárá o. Fún àlejò lómi mu. Bàbá Bọ̀wálé ò tíì dé, mi ò lè jẹun ṣáájú wọn.”

Mo gbọ́ ìró ọmọrí bí wọ́n ṣe dé oúnjẹ náà padà.